Bátìrì Tó Wà Nínú Yàrá Kùdírátù

Kọ́bapẹ́,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìn-ín-ní, 1983.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì gbàgbé pé ọmọ ènìyàn ni ọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Àwọn ará Kọ́bapẹ́ ní kí n kí ọ. Àwọn tí kò ní kí n kí ọ náà, mo bá wọn kí ọ, ìlara ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí wa náà ni mo tìtorí rẹ̀ gbé kálàmù. Láti ìgbà tí a ti gbé e kúrò ní Àpápá, n kò sọ ọ́ ní búburú fún ẹnikẹ́ni. Ó gùn, inú rẹ̀ fẹ̀, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn lè na ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fúnra mi wà á wọ Láfẹ́nwá, àwọn tó ń sọ pé obìnrin kì í wakọ̀ kọjá orí afárá gbé ẹnu wọn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ ti ń kú mọ́jú. Bí mo bá pa á ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ṣí i láàárọ̀, á ṣe kẹ́kẹ́kẹ́, á dákẹ́. Jùbrílù tó ń ṣájì bátìrì ní Láfẹ́nwá ní bátìrì ló ń ṣe é.

O mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọlọ́run tó fi òkè jíǹkí wa ti bá wa dín wàhálà bátìrì kù. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, ó pẹ́ tó fi ń wa ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa ń gbé e sí. Bó bá ti tú bíréèkì, tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, á fi í sí jíà, ọkọ̀ á jí. Èmi náà bẹ àwọn ọkùnrin páàkì kí wọ́n bá mi ti tìrẹ. Wọ́n tì í títí ẹ̀mí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ọkọ̀ kò tilẹ̀ húkọ́. Jùbrílù wá bojú wo ìsàlẹ̀ ìdarí ọkọ̀, ó ní, "Ìyá, mọ́tò yìí ò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ lè tì í dé Ṣàgámù, kò ní jí." Irú ọkọ̀ wo ni wọn kì í tì, Mọ́nsúrù?

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Kùdírátù àbúrò rẹ ti wà lọ́dọ̀ mi, nítorí ọkọ rẹ̀ wà ní Kàdúná níbi iṣẹ́. Oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù márùn-ún. Dókítà ní ìdí rẹ̀ há, ọmọ kò lè gba ibẹ̀ wá, iṣẹ́ abẹ ni. Ó ní bó bá ti ń rọbí kí á gbé e wá lójú ẹsẹ̀. O rántí ti ìjọsí. Orí ọkọ̀ agbépákó ni ọmọ náà kú sí, a kò tíì dé Abẹ́òkúta, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ìyá mọ́ ọmọ. Torí ẹ̀ náà lo ṣe ra ọkọ̀ yìí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mọ́tò kankan kì í dúró lọ́nà wa mọ́ nítorí olè. Ọkọ̀ tí kò jí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Bi àwọn tó tà á fún ọ. Kọ̀wé kíá. Má fi "mo ń ṣèdánwò" dá mi lóhùn.

Èmi ìyá rẹ,
Àsíátù.


Houston,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, 1983.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú Kùdírátù. Àlàáfíà ni mo wà. Mo ń ṣèdánwò lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fi dá yín lóhùn.

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọkọ̀ yẹn mọ́. Otomátíìkì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà, ọgbọ́n òkè tí bàbá wa ń dá kò lè ràn án. Bátìrì nìkan ló lè jí i. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá mi níbi tí a ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ó ní kí ẹ wo orí bátìrì, níbi tí okùn méjèèjì ti wọ̀ ọ́, bóyá ohun funfun kan ti hù síbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí wọ́n họ ọ́ dáadáa, kí wọ́n sì dè é le. Lẹ́yìn náà, ihò mẹ́fà wà lórí rẹ̀ tó ní ìdérí. Ẹ ṣí wọn, kí ẹ wo inú. Bí orí àwọn irin pẹlẹbẹ inú ibẹ̀ bá gbẹ, òùngbẹ ló ń gbẹ bátìrì, ooru ilé wa ló fa omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ ra omi bátìrì, kí ẹ bù ú sí i títí yóò fi bo irin. Bó bá tún mu ún, kí ẹ tún bù ú sí i. Kí wọ́n sì máa ṣájì rẹ̀.

Ohun kan dùn mí. Mo gbọ́ pé ẹ ń fi ọkọ̀ náà kó àpò gàrí lọ sọ́jà. Ọkọ̀ Kùdírátù ni mo rà, n kò ra ọkọ̀ gàrí. Ẹ jẹ́ kó máa sinmi de ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Kùdírátù. Ẹ sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Èmi ni mo ń bẹ̀rù fún un.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù.


Kọ́bapẹ́,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì, 1983.

Mọ́nsúrù,

Àsàlámù àlékùn. Mo rí ìwé rẹ gbà. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ gàrí fún ọ, kí Ọlọ́run fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Gàrí yẹn ni mo fi tọ́ ọ dé ibi tí o ti ń bá mi wí.

A ti ṣe gbogbo ohun tí o sọ. Ohun funfun náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, a fọ̀ ọ́. A ṣí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn irin náà gbẹ táútáú. Mo lọ bá Jùbrílù ní Láfẹ́nwá, mo ní kó ta omi bátìrì fún mi. Ó rọ ọ́ sínú ìgò ọtí òyìnbó kan, ó ní kí n rọra gbé e. Lọ́jọ́ tí mo bù ú sí i, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, Kùdírátù pàtẹ́wọ́. Mo ní ọmọ mi mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà sí ìwà rẹ̀. Mo tún bù ú sí i. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń bù ú sí i báyìí bí o ti wí, síbẹ̀ ṣe ló ń burú sí i. Jùbrílù yá mi ní ẹ̀rọ ṣájì rẹ̀ kan. Nítorí àwọn olè tó ń tú bátìrì ọkọ̀ lọ́nà wa, a kì í fi í sílẹ̀ níta. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, a ó gbé e wọlé, yàrá Kùdírátù la sì ń gbé e sí nítorí ibẹ̀ nìkan ni ihò iná NEPA ti ń ṣiṣẹ́. Á máa hó wùyẹ̀wùyẹ̀, á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kùdírátù ní ó ń wọ òun nímú, mo ní kó fara dà á, nítorí tirẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni NEPA ń múná lọ, nítorí náà Kùdírátù ló máa ń bá mi mú àbẹ́là dání kí n lè rí inú àwọn ihò náà bóyá omi ti tó.

Àwọn eku ilé yìí tún ti gbógun tì mí. Ìró mi tó dára jù, èyí tí mo fi lọ síbi ìkómọ ní Òkè-Ìlewọ̀, ihò ló kún ara rẹ̀. Mo fi oògùn eku sílẹ̀, n kò rí òkú eku kan.

Oṣù kẹrin ni dókítà dá fún Kùdírátù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Bó bá ti kérora lórí ibùsùn, ojú bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Wá nǹkan ṣe sí i.

Ìyá rẹ,
Àsíátù.


Houston,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 1983.

Ìyá mi,

Ẹ forí jì mí, n kò ní lè kí yín tó bó ṣe yẹ. Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun. Ẹ gbé bátìrì yẹn kúrò ní yàrá Kùdírátù. Ẹ má jẹ́ kí àbẹ́là, àtùpà, ìṣáná tàbí iná èyíkéyìí sún mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ pa iná ẹ̀rọ ṣájì lára ògiri, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ okùn rẹ̀, kí ẹ gbé bátìrì sí ìta gbangba, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí Jùbrílù rọ sínú ìgò fún yín kì í ṣe omi. Ásíìdì ni. Omi ni mo ní lọ́kàn, omi lásán tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, tí kò ní ìdọ̀tí kankan nínú. Èmi pè é ní omi bátìrì, Jùbrílù náà pe tirẹ̀ ní omi bátìrì, n kò sì rò ó wò pé orúkọ kan náà ni nǹkan méjèèjì ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ bù ú sí i, ẹ ń pa á ni. Kì í ṣe eku ló jẹ ìró yín. Ásíìdì ló ta sí i.

Èéfín tó ń rùn yẹn, Ìyá mi, ó ń gbiná ju epo bẹntiróòlù lọ. Bí iná bá kàn án, bátìrì á bú, ásíìdì inú rẹ̀ á sì fọ́n sójú ẹni tó bá dúró tì í. Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti ní Kùdírátù ń mú àbẹ́là dání, ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi ní kí n jókòó.

Mo pe Yéwándé ọ̀rẹ́ mi ní báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlewọ̀, fóònù kò wọlé. Mo ti fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí yín lónìí kó lè ṣáájú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo fi kọ ọ́ kó lè yé ẹnikẹ́ni tó bá kà á: BATTERY DANGER. NO LIGHT. Bí ásíìdì náà bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, omi lásán ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ dà á púpọ̀, kí ẹ má dẹ́kun.

Ẹ ra bátìrì tuntun. Ẹ dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí ẹ bá gba èyí, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Mọ́nsúrù.


Kọ́bapẹ́,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, 1983.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí o wà bí o ti ń ṣọ́ wa. Tẹligíráàmù rẹ dé lánàá. Nígbà tí mo rí i, mo rò pé wọ́n ní o ti kú ni. Ta ló ń fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ síni bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ òkú? Má dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Tísà Theophilus tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi kà á, torí òyìnbó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ọmọ yín ní bátìrì wà nínú ewu torí pé kò síná. No light." Mo ní, báwo ni Mọ́nsúrù ṣe wà ní Amẹ́ríkà tó fi mọ̀ pé NEPA kò múná wá? Tísà ní àwọn òyìnbó mọ̀ nípa wa ju bí a ti rò lọ. Mo tún bi í pé ṣé bátìrì ń bẹ̀rù òkùnkùn ni. Ó ronú títí, ó ní ohun tó ń bí iná kò yẹ kó wà láìsí iná, pé ooru ló ń wá, bí òròmọdìẹ tí kò ní ìyá.

Kí n tó fẹ́ Bàbá rẹ ni mo ti ń fi àtùpà tọ́ òròmọdìẹ, èyí kò lè ṣòro fún mi. Láti àná ni mo ti gbé àtùpà sórí bátìrì náà gan-an, mo yí òwú rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo ti fèrèsé pa kí afẹ́fẹ́ má baà pa iná. NEPA dé fúngbà díẹ̀, a ṣájì rẹ̀, NEPA lọ, àtùpà wà níbẹ̀. Kùdírátù ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti ń kú lọ, á dìde, á rọ epo sí i. Mo ní kí ó má ṣe wàhálà púpọ̀, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀, ìtòsí ìrọ̀rí òun ló wà.

Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀ báyìí. O ṣé tí o tètè kì wá nílọ̀. Ọmọ tó bá rántí ilé, ilé á rántí rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Àsíátù.


Houston,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, 1983.

Ìyá mi, Ìyá mi,

Ẹ gbé àtùpà yẹn kúrò.

Òní ni ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá ìwé tí mo kọ lóṣù tó kọjá ti dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí ó ṣì wà nínú àpò kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́. "Má ṣe jẹ́ kí iná dé ibẹ̀" ni mo ní lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, mo gbàgbé bí a ti ń pe "no light" lọ́dọ̀ wa. Ó yẹ kí n kọ iná, kí n kọ ikú, kí n kọ ohunkóhun mìíràn. Mo ti fi tẹligíráàmù mìíràn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo kọ ọ́ gùn, mo sì tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á tú u sí ọ̀nà mìíràn.

Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó báyìí tí ó ti wà níbẹ̀? Fèrèsé wà ní títì, orí Kùdírátù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò lè jẹun. Bí mo bá ń fọ ọkọ̀ níbi iṣẹ́, tí ẹnìkan bá ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà, màá ju kànìnkànìn sílẹ̀, màá bẹ́ sẹ́yìn. Mo ti pe Yéwándé títí, obìnrin kan ló ń sọ fún mi pé kí n padà pè. Mo ń gbàdúrà pé kí epo òyìnbó ti wọ́n ní Kọ́bapẹ́, kí ẹ má rí i rà rárá. Irú àdúrà tí ọmọ ń gbà fún ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Bí ìwé yìí bá bá yín ní àlàáfíà, ẹ bú mi. Ẹ bú mi dáadáa, kí n ṣáà ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù.


Kọ́bapẹ́,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 1983.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ọwọ́ Kùdírátù ni o ń rí yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Báńdéèjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni kò jẹ́ kí n lè mú kálàmù. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Gbogbo wa ló wà láàyè. Fi ìyẹn sọ́kàn kí o tó ka èyí tó kù.

Ìwé rẹ tí o fi là á yé wa dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Tísà ló bá wa gbà á. Kùdírátù ń kà á fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ iná, ó bojú wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àtùpà náà lórí bátìrì, ó ń jó jẹ́ẹ́. Kùdírátù fẹ́ wọlé lọ gbé e. Mo fà á lápá, mo tì í sọ́wọ́ Tísà, mo ní kí wọ́n bọ́ sí àgbàlá. Èmi ni mo wọlé. Mo rọra rìn, mo nawọ́, mo gbé àtùpà náà sókè. N kò mọ ohun tí mo ṣe tí kò yẹ. Ó bú bí ìbọn ọdẹ.

Díẹ̀ ló ta sí mi. Tísà rántí ohun tí o kọ, òun àti Kùdírátù da omi àmù lé mi lórí títí àmù fi gbẹ. Ibẹ̀ ni Kùdírátù ti di ìdí mú, ó ní, "Màmá, ó ti dé o." Ọkọ̀ rẹ sì wà níta láìní bátìrì.

Tísà sáré bọ́ sí títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ tipa kan tó ru yanrìn ló dúró. A kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó rí wa, kò béèrè ọ̀rọ̀ kan, ó tú bátìrì tirẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀ wa, ó ní, "Ẹ máa gbé wọn lọ, màá jókòó dè yín." Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tísà ló wà á. Èmi àti àbúrò rẹ wà lẹ́yìn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ké, mo ń ké. Bí a ti dé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e wọlé lọ.

Obìnrin ni, Mọ́nsúrù. Ó ké kí wọ́n tó gbá a nídìí. A ti kó o jáde, Bùsírátù lorúkọ rẹ̀. Ó pupa díẹ̀, irun rẹ̀ pọ̀ dé iwájú orí, àmì dúdú kékeré kan wà lẹ́bàá etí òsì rẹ̀. Bó bá ń yán, ẹnu rẹ̀ máa ń ṣí bíi ti Bàbá rẹ. Mo ti wò ó títí, n kò tíì rí ọmọ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ojú mi pọ́n díẹ̀, ó ti sàn. Má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi nítorí ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì. Àwa là ń pè é bẹ́ẹ̀, ìwọ náà sì ń pè é bí wọ́n ti ń pè é lọ́hùn-ún. Ṣe ìdánwò rẹ. Jẹun.

Ìyá rẹ,
Àsíátù.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Màmá ti parí tirẹ̀, wọ́n ti lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n rò pé mo ń kọ àdírẹ́sì yín sẹ́yìn ìwé ni.

Kò sí báńdéèjì lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn méjèèjì ni. Dókítà ní ti ọ̀tún ti lọ, kí á máa gbàdúrà lórí ti òsì, ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́, n kò fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Wọ́n mú kí n fi Kùráánì búra pé n kò ní sọ fún yín. Ọlọ́run á dárí jì mí. Wọ́n ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó fi ìwé kíkà sílẹ̀, ẹ ó sì fi gbogbo ayé yín máa ka ọ̀rọ̀ tẹligíráàmù yẹn.

Gbogbo bí wọ́n ti ṣàpèjúwe ọmọ fún yín, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àmì ẹ̀bá etí yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú mi sọ ọ́ kí wọ́n tó ní kí n kọ ọ́. Bí Bùsírátù bá jí, wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé ojú wọn sún mọ́ tirẹ̀ gan-an, wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi mí pé, "Kùdí, ṣé ó ń wò mí?"

Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, kódà bí ó bá ti sùn.

Àbúrò yín,
Kùdírátù.